Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí títúmọ̀ ìròyìn iná láti Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀ ìròyìn, bí ìròyìn bá ti dá lórí iná, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé náà sọ ẹni tó dá iná ọ̀hún sílẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń jẹ́ ká mọ̀. Bí wọ́n bá ní ọjà "caught fire", ọjà gbiná ni, wọn ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ti "was set on fire", "was set ablaze" àti "was torched" yàtọ̀: ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀, wọ́n dáná sun ún ni.

"Was burnt" àti "was destroyed by fire" ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Nítorí pé "wọ́n" la sábà fi ń túmọ̀ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, kíá lọwọ́ á ti kọ "wọ́n dáná sun ọjà". Ẹ ti fẹ̀sùn kan aládùúgbò ẹni nìyẹn, nígbà tó lè jẹ́ pé wáyà iná ló fara kanra. "Iná jó ọjà náà" tàbí "ọjà náà jóná" ló tọ́. Mi ò lè sọ ọ́ kó tó: irú àṣìṣe yìí lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú.

"Arson" tiẹ̀ tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Abala 443 nínú Criminal Code ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ilé láìbófin mu lè fẹ̀wọ̀n gbére jura. Ẹni tí àbẹ́là ṣèèṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Àwọn oníwèé ìròyìn wa fẹ́ràn "gutted" púpọ̀. Inú ilé ló jó tán, ògiri lè ṣì wà lórí ìdúró. Ẹ má sọ ọ́ di "jó kanlẹ̀". "Burnt to the ground" ló nìyẹn.

Bó bá kan ara ènìyàn, omi gbígbóná tàbí oru rẹ̀ ló ń fa "scald". Bí ẹ bá wá kọ "iná jó ọmọ náà", òǹkàwé á rò pé ilé ló jó.

"Inflammable" tí ẹ ń rí lára táńkà léwu fún atúmọ̀. "In-" ibẹ̀ kì í ṣe "kò": ohun tó ń tètè gbiná ni, bákan náà ni pẹ̀lú "flammable". "Non-flammable" ni èyí tí kì í gbiná. "Flash point" ní tirẹ̀ ni ìwọ̀n ooru tó kéré jù tí oru epo fi lè gbaná bí ìṣáná bá kàn án. Ti bẹntiróòlù tó nǹkan bí -40 °C. Ti kẹrosíìnì kì í sábà dín sí 38 °C. Ìdí nìyí tí díẹ̀ lára bẹntiróòlù nínú kẹrosíìnì fi ń sọ àtùpà di bọ́ǹbù. Nítorí náà, "adulterated kerosene" kì í ṣe "kẹrosíìnì tí kò dáa" lásán. Ẹ kọ "kẹrosíìnì tí wọ́n po nǹkan mìíràn mọ́", kí òǹkàwé lè mọ ohun tó yẹ kó sá fún.

Bí ẹ bá ń ti Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rántí pé "iná" kan ṣoṣo la ní fún ti ààrò àti ti gílóòbù. Gílóòbù ni wọ́n ń "turn off". Iná tó ń jó ilé, àwọn panápaná á "put it out". Bó bá sì kú fúnra rẹ̀, "it went out" ni, kì í ṣe "it quenched".