Bí Ẹ Bá Ń Mú Àgbàlagbà Wọ Ọkọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀ ní Paris Lọ́jọ́ Ìkẹyìn

Ara mi kò tíì balẹ̀ tán tí mo fi ń kọ èyí, nítorí náà ẹ má bínú bí ohùn mi bá le díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní London, tí ẹ máa ń mú òbí tó wá kí yín láti ilé lọ sí Paris nígbà ìsinmi àwọn ọmọ, ẹ mọ bí ọjọ́ ìkẹyìn ṣe máa ń rí: ilé ìtura ti gba yàrá rẹ̀, àkókò ọkọ̀ kò tíì tó, ẹrù sì wà lọ́rùn ẹni. A kó tiwa sí ibi ìfẹrùpamọ́ ní Gare du Nord, ibùdókọ̀ ojú irin tí a ó ti wọ Eurostar, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí London, padà sílé. Màmá, ìyá ọkọ mi, ti sọ láti Ìbàdàn pé àwọn kò ní í kúrò ní Paris láìdé Notre-Dame, ṣọ́ọ̀ṣì tí iná jó ní oṣù kẹrin ọdún 2019, tí wọn kò sì tún ṣí títí di oṣù Kejìlá ọdún 2024. A wọ ibẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. (Àwọn tó ń bi mí pé kí ni a wá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìrìn àjò, ìyá tiwọn kọ́ ló bẹ̀ wọ́n.)

Láti ibùdókọ̀ Cité tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìlà 4 ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ tààrà sí Gare du Nord. Ọkọ̀ dé, èrò pọ̀, Màmá sì kọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí àgbà. Kí ọkọ mi tó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wọlé, ilẹ̀kùn pa dé. Ilẹ̀kùn méjì ni, ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ àti ti ògiri gíláàsì tó wà létí pèpéle. Ọkọ mi ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì, èmi ń pariwo pé kí awakọ̀ ṣàánú wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ ìlà 4 kò ní awakọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń darí rẹ̀. Mo ń wo Màmá nínú gíláàsì, ẹnu wọn ń mì, n kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìgbà tí ọkọ̀ náà wọ inú òkùnkùn lọ ni mo rántí pé ìwé ìrìnnà wọn wà nínú báàgì mi, tíkẹ́ẹ̀tì wọn wà nínú fóònù mi, fóònù tiwọn kò sì lè pe ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Faransé.

A wọ ọkọ̀ tó tẹ̀lé e, a sọ̀ kalẹ̀ ní Châtelet, ibùdókọ̀ tó kàn. Màmá kò sí níbẹ̀. Ìlà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ márùn-ún ni ó pàdé ní Châtelet, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò sì lóǹkà lójú mi lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi ní kí a máa lọ sí Gare du Nord. Èmi ní bí wọ́n bá ti yí padà sí Cité ńkọ́? A dúró jiyàn láàárín èrò, ohun tí a kì í ṣe níta, ọmọ wa àgbà sì ń bi wá bóyá Màmá ti sọ nù. N kò lè dá a lóhùn.

Nọ́ńbà àjèjì kan ni ó pe ọkọ mi. Ọmọkùnrin kan láti Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin gbọ́ tí Màmá ń ké pe Ọlọ́run ní Yorùbá nínú ọkọ̀, ó mú wọn sọ̀ kalẹ̀ ní Gare du Nord, ó wá nọ́ńbà ọmọ wọn nínú fóònù wọn, ó sì fi tirẹ̀ pè wá. A bá wọn, a sì bá ọkọ̀ wa.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ni kí ẹ ti fi ẹnu kò: ẹni tí ọkọ̀ bá gbé lọ, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, kí ó dúró sójú kan, àwọn tó kù yóò wọ ọkọ̀ tó tẹ̀lé e wá bá a. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí Màmá sì tún un sọ fún yín. Ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú, ẹni tó bá ṣìnà lè wá ọ̀nà padà sí ilé ìtura, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹ kò ní ilé kankan mọ́ nínú ìlú náà tí ẹnikẹ́ni lè padà sí.

Ní ti ìwé ìrìnnà Màmá tó wà nínú báàgì mi, àwọn èèyàn ti bá mi wí tó pé n kò fi í sọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń yọ nǹkan lápò èrò pọ̀ nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Paris, n kò sì ní í tìtorí ọ̀rọ̀ yìí gbé ìwé tí físà wà nínú rẹ̀ lé àgbàlagbà lọ́wọ́. Fọ́tókọ́pì rẹ̀ ni kí ẹ fi sí àpò wọn, kí ẹ sì fi bírò kọ nọ́ńbà yín sí ẹ̀yìn rẹ̀, torí pé bí bátìrì fóònù Màmá bá ti kú ni, ọmọ Pọ́bẹ̀ yẹn kì bá tí rí wa pè. Ẹ tún fi àkókò sílẹ̀ dáadáa, nítorí Gare du Nord gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè Faransé àti ti Britain ti ń yẹ ìwé wò kí èrò tó wọ Eurostar.

Àgbà lè ṣíwájú wọlé o, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan di ọwọ́ wọn mú. Bí ọwọ́ bá sì já, ibùdókọ̀ tó kàn ni. Àwọn tó ní takisí ni ó yẹ kí a wọ̀, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ àti gbogbo wa, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.