Kí Iṣẹ́ Tó Dé Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ NUC fi ń darí àwọn yunifásítì Nàìjíríà kó tó gbé CCMAS, ìlànà tuntun rẹ̀, jáde, kọ́ọ̀sì kan wà tí a mọ̀ sí GST 121, èyí tó dá lórí lílo ilé-ìkàwé, ọgbọ́n ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìlò kọ̀ǹpútà. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé yunifásítì kò rí àléébù nínú ohun tí wọ́n ní ká kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tí a ń kọ́ wọn ni kò bọ́ sí i.

Inú gbọ̀ngàn ńlá ni a ti ń kọ́ ọ, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí olùkọ́ kankan kò tíì fún ní iṣẹ́ tó lè mú wọn wá ohunkóhun kiri. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á ṣe ìdánwò, ó parí. Nígbà tó bá di ọdún tí wọn yóò kọ próójẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ti jáde ni wọn yóò lọ bẹ̀ fún tirẹ̀, wọn yóò sì da orí kejì rẹ̀ kọ pẹ̀lú gbogbo ìtọ́kasí inú rẹ̀. (Àṣìṣe ìkọ̀wé tí alábòójútó ti fagi lé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn a tún padà wá bá a lọ́nà yìí.)

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kan, Patricia Knapp, gbìyànjú ní Monteith College, ní Detroit, láti fi iṣẹ́ ilé-ìkàwé sínú àwọn kọ́ọ̀sì gan-an. Evan Farber, tó di olórí ilé-ìkàwé Earlham College ní Indiana lọ́dún 1962, sọ irú rẹ̀ di àṣà níbẹ̀: ìgbà tí olùkọ́ bá fún kíláàsì ní iṣẹ́ ìwádìí ni òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé máa ń wọlé wá, pẹ̀lú àlàyé lórí àwọn ìwé tó bá iṣẹ́ yẹn mu. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni Earlham, a kò lè gbé e wá síbí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n pé kí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ti jọ sọ̀rọ̀ ṣáájú kò béèrè owó.

Ẹ wo olùkọ́ ìmọ̀ ìlera tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé lórí àìsàn ibà. Bí iṣẹ́ náà bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ChatGPT yóò kọ ọ́ tán kí omi tó hó, ó sì lè fi ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí sínú ìtọ́kasí. Bí olùkọ́ bá kọ́kọ́ bá wa jókòó, ìbéèrè náà lè di: wá àpilẹ̀kọ 3 lórí bí àwọn aboyún ṣe ń lo àwọ̀n ẹ̀fọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, sọ ibi tí wọ́n ti ta ko ara wọn, kí o sì kọ bí o ṣe rí wọn sílẹ̀. Nígbà náà ni Hinari, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002 kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè rí jọ́nà ìṣègùn kà, àti AJOL, níbi tí àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò tó wúlò fún wọn. Mo lè kọ́ wọn bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ tí a ó fi wá nǹkan àti bí a ṣe ń dá jọ́nà agbowó-má-yẹṣẹ́wò mọ̀. Ìdí tí ìwádìí kan fi lágbára ju èkejì lọ kọjá agbára mi. Olùkọ́ wọn ló ni ìyẹn. Mo fẹ́ kí máàkì pàápàá pín bẹ́ẹ̀: kí n máàkì àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe wá a, kí òun máàkì àlàyé tí wọ́n ṣe.

Àìmọ̀ kọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ kan ṣì rò pé títẹ òǹtẹ̀ sára ìwé ni iṣẹ́ wa. Àwa náà kì í sì í kanlẹ̀kùn wọn tó bó ṣe yẹ. Àpilẹ̀kọ tí a tẹ̀ jáde ni wọ́n sì ń kà fún ìgbéga, ẹnikẹ́ni kì í béèrè kọ́ọ̀sì tí a jọ kọ́.

CCMAS fi ìdá 30 nínú 100 kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀: kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mú kọ́ọ̀sì ìwádìí kan ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, kí wọ́n kọ orúkọ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé mọ́ ti olùkọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì pè é sí ìpàdé tí wọn yóò ti gbèrò rẹ̀ kó tó dé Sẹ́nétì yunifásítì.