Ẹnu ayé ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ebi

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún yìí ni mo fiṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, tí mo wá ń gúnyán tà lójú ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ekìtì, l'Adó.

Ẹni tí kì í bá ṣe ara ilé lè má mọ bó ṣe le tó. Nígbà kan, orísun ìmọ̀ ni wọ́n ń kọ sára nọ́ńbà ọkọ̀ wa; nígbà tó yá, ó di ilẹ̀ iyì. Lójú bàbá mi, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Abúlé tó bá wù ẹ́ ni kó o dé l'Ékìtì, wọ́n á ti ka orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn fún ẹ kí wọ́n tó bu omi. Owó kòkó ni bàbá mi fi rán mi níwèé. Nígbà tí mo wá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún wọn, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé odó ló wà nínú sátífíkéètì yẹn ni?"

Ìgboyà kọ́ ni mo kọ́kọ́ ní o. Ìṣirò ni. Mo kọ gbogbo owó tó ń wọlé sínú ìwé, mo rí i pé oúnjẹ òde tí mo ń bá wọn sè lọ́jọ́ Sátidé ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Owó tíṣà kàn ń san owó ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ tíṣà ni. Ó wá yé mi pé ebi ò lè pa mí. Ẹnu ayé ló kù.

Iyán ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí òjò bá ti ń pọ̀, iṣu ògbólógbòó á ti máa tán lọ́jà, èyí tó ń ti ọjà iṣu Zaki-Biam ní Ìpínlẹ̀ Benue bọ̀ á di ọ̀wọ́n. Iṣu tuntun tó bá sì kọ́kọ́ jáde, omi pọ̀ nínú rẹ̀, kì í dì lódó. Màmá kan l'Ọ́jà Ọba ló kọ́ mi pé kí n máa ṣẹ́ èéhù rẹ̀ kúrò, kí n tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, á pẹ́ kó tó bàjẹ́. Àwọn ọmọ yunifásítì ò ní wàhálà, ẹran tó kéré nìkan ni wọ́n ń bá mi jà lé lórí. Àmọ́ àgbàlagbà Ekìtì á kọ́kọ́ fìka tẹ iyán wò. Bó bá kan kókó kan báyìí, ó ti dìde nìyẹn!

Mo tún jáwọ́ nínú aṣọ ẹbí. Mo sọ fún wọn nínú ìpàdé ẹbí pé màá wá, màá sè, màá jó, àmọ́ aṣọ tó wà nílé ni màá wọ̀. Àǹtí mi àgbà ṣì ń bínú.

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní praímárì wọlé wá jẹun. Ó kúnlẹ̀, ó wò yíká. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ni ibí?" Mo ní èmi ni. Ó ní kí n bu òkèlè méjì sí i.

Bàbá mi ò tíì yà síbẹ̀. Wọ́n fi iṣu ránṣẹ́ láti oko lóṣù tó kọjá ṣá, wọ́n sì sọ iye tí wọ́n ń tà á. Mo ná an, wọn ò gbà. Mo sanwó.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní la ó ṣílẹ̀kùn padà. Mo ń wá ẹni tó mọ iyán gún, tí kò ní bínú bí oníbàárà bá ní kókó wà ńbẹ̀. Ẹ bá mi wá a.