Táíwò àti Kẹ́hìndé inú fàdákà

Ẹni tó bá ti lo MALDI rí (ọ̀nà tí a ń gbà fi lésà mọ bí mólékù ṣe wúwo tó) á mọ̀ pé a máa ń po nǹkan tí a fẹ́ wọ̀n mọ́ matrix, a ó kán an sórí pléètì irin, ó gbẹ, ká tó yìn ín ní lésà, matrix yẹn ló ń gba ìmọ́lẹ̀ lésà tó sì ń gbé nǹkan wa fò láìfọ́ ọ. Fún pròtéènì ńláńlá, ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ṣúgà lò ń wá ńkọ́? Matrix fúnra ẹ̀ kéré, òun náà ń fò. CHCA, matrix tí gbogbo wa ń lò, máa ń yọ ní 190 àti 212 (nọ́ńbà yìí ni bí ohun tó fò ṣe wúwo tó), glucose, ṣúgà wa, tó gbé sodium dání sì wà ní 203, àárín wọn gan-an ló há sí. Mo ti jókòó ti irú spectrum bẹ́ẹ̀, àwòrán tó ń fi àwọn ìwúwo yẹn hàn, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wúrà ló gbà mí. Nanoparticle ẹ̀, ẹyọ wúrà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, ń gba ìmọ́lẹ̀ lésà, ara ẹ̀ á gbóná lójijì, á ju ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn sókè, tí òun fúnra ẹ̀ bá sì yọ, 197, 394, 591 ni, átọ́mù kan, méjì, mẹ́ta, o ti mọ ilé ẹ̀. Sísè ẹ̀ tún dùn ún wò: omi iyọ̀ wúrà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ń hó lórí iná, o da citrate sí i, á mọ́ bí omi lásán, á dúdú, àfi kó dédé pupa bíi zobo!

Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Tanaka, ẹnjiníà tó wà ní ilé-iṣẹ́ Shimadzu ní Kyoto ní Japan, lọ́dún 1985, ó ṣèèṣì da glycerol mọ́ ìyẹ̀fun cobalt tó jẹ́ 30 nánómítà, ó ní kò yẹ kóun fi ṣòfò, ló bá lò ó, ibẹ̀ ló gbà débi Nobel 2002.

Fún cholesterol, fàdákà ni tèmi. Oríṣi átọ́mù méjì ló ní, ọ̀kan wúwo tó 107, èkejì 109, iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí náà ohunkóhun tó bá gbé ń yọ ní ìbejì: Táíwò ní 493, Kẹ́hìndé ní 495. Tí mo bá rí ọ̀kan láìsí èkejì, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí fàdákà gbé. Matrix wo ló lè ṣèyẹn fún ẹ?

Lọ́jọ́ kan mo fi àtàǹpàkò tẹ pléètì láìwọ ìbọ̀wọ́, mo fín fàdákà lé e, mo yìn ín. 517 yọ, 519 tẹ̀ lé e: squalene, ọ̀rá ara èmi fúnra mi.