Ṣé omi gbígbóná ló ń tètè dì?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Èbúté Mẹ́ta

Bí iná bá dé ní àdúgbò wa, àwọn kan nínú àwọn ìyá tí ń ta omi dídì a máa bu omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè sínú ọ̀rá bí ó ti gbóná, wọn a sì kó o sínú fíríìsà, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé omi gbígbóná ń tètè dì ju omi tútù lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ènìyàn kàn fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ní ọdún 1963, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tanzania lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Erasto Mpemba gbé wàrà gbígbóná tí ó ti po ṣúgà mọ́ sínú fíríìsà láti fi ṣe áìsìkirîmù, tirẹ̀ sì dì ṣáájú ti ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ kan tí kò se wàrà tirẹ̀ rárá. Olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ló rú u lójú. Nígbà tó yá, Mpemba bi Denis Osborne, ọ̀mọ̀wé físíìsì láti yunifásítì tó wà ní Dar es Salaam. Òun náà dán an wò, wọ́n sì jọ kọ̀wé lé e lórí ní 1969. Ọmọ tí kò jẹ́ kí ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa òun lẹ́nu mọ́, irú wọn wù mí púpọ̀.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Gíráàmù omi kan ní láti pàdánù nǹkan bí 4.2 júùlù ooru (júùlù ni ìwọ̀n tí a fi ń ka ooru) kí ó tó fi dìgírì Celsius kan tutù sí i. Bí ó bá dé òdo, kò ní í dì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: yóò tún jọ̀wọ́ nǹkan bí 334 júùlù láìjẹ́ pé ó tutù ju òdo lọ. Omi inú kẹ́ẹ̀gì wa ní Èkó, tí ó wà ní nǹkan bí dìgírì 30, yóò jọ̀wọ́ nǹkan bí 460 júùlù kí ó tó di yìnyín. Èyí tí ó wà ní dìgírì 90 yóò jọ̀wọ́ ohun tí ó lé ní 700. Lóòótọ́, omi gbígbóná a máa yára tutù ní ìbẹ̀rẹ̀, torí bí ó bá ṣe gbóná ju ibi tí ó wà lọ tó ni ooru ṣe ń yára jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò bá fi dé dìgírì 30, omi tútù ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Kí omi gbígbóná tó lè borí, nǹkan kan ní láti yí padà. Bí ìkòkò bá ṣí sílẹ̀, omi a máa fò lọ lójú rẹ̀, gíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ó bá lọ a sì gbé ohun tí ó ju 2,000 júùlù dání, èyí tí ó kù láti dì a sì dín kù. Ọ̀rá tí a ti so lẹ́nu kò lè rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Henry Burridge àti Paul Linden, wọn ìtutù omi gbígbóná àti tútù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé gbígbóná ń ṣáájú, wọ́n sì fi hàn pé bí a bá kàn ki tẹ̀mómítà sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i nínú omi kan ju èkejì lọ, ó lè tan ènìyàn jẹ. Èmi fara mọ́ tiwọn.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni àwọn ọ̀rá tí wọ́n ti ń dì lọ kí a tó kó gbígbóná tì wọ́n. Ara wọn ni ooru rẹ̀ ń kọ́kọ́ wọ̀, bí iná bá sì lọ ní irú àkókò yẹn, gbogbo wọn ló máa di omi padà, owó ìyá ọlọ́jà a sì ṣòfò. Ó sàn kí wọ́n da omi sísè náà sínú báfù fífẹ̀, kí wọ́n fi àwọ̀n mímọ́ bò ó nítorí eṣinṣin, kí wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé títí yóò fi tutù, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ yóò gbé ìdá tó pọ̀ nínú ooru náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí fíríìsà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ rárá.