Mẹ́ta Péré Ló Mọ̀

Sátidé, aago mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀.

Àwọn ọmọ ti sùn. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn ewé ugu, gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ mi léèékánná, mo sì jókòó síbí torí pé oorun kò wá. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló fà á. Ọ̀rọ̀ ọmọdé.

"Màmá Abẹ́òkúta ò mọ kọ́lọ̀. Mẹ́ta péré ló mọ̀."

Dèjì ọmọ mi ló sọ ọ́ fún ọmọ àwọn ará òkè wa, lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn méjèèjì fi rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ẹ̀rín ọmọ ọdún méje ni. Màámi, Màmá Abẹ́òkúta náà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń já ewédú sínú ìgbá. Wọn ò gbójú sókè. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́. Etí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan nù, àmọ́ ọwọ́ wọn ò dúró.

"Ló mọ̀." Kò tiẹ̀ sọ pé "ni wọ́n mọ̀."

Iṣẹ́ àṣetiléwá ni gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ òmìnira nílé ìwé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan aláwọ̀ ewé kan wá, oúnjẹ tàbí iṣẹ́ ọwọ́, kó sì mú òṣùmàrè kan wá. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí òṣùmàrè ń wá nínú òmìnira. Mo ti bi ara mi, mi ò rí èsì, mo wá lọ ra kádíbọ́ọ̀dù.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé Dèjì tẹ́ kíréyọ́nù sílẹ̀, ó ń bi Màámi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pupa, wọ́n ní pupa. Yẹ́lò, wọ́n ní pupa ni. Àwọ̀ ọsàn, wọ́n ní pupa náà ni, ṣé kò rí i ni. Búlúù, dúdú. Pọ́pù, dúdú. Wáìtì, funfun. Ó wá na ewédú ọwọ́ wọn sí wọn pé èyí ńkọ́? "Dúdú ni, ọmọ mi." "Màmá, gíríìnì ni! Bíláàkì ni dúdú!" "Àní ó dúdú. Wò ó bó ṣe dúdú mìnìmìnì." Ó wo èmi. Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ dá ẹ̀fọ́ sínú omi. Mi ò sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí.

Mo kọ́kọ́ bínú sí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà mo ní, irọ́ wo ló pa? Ó bi wọ́n, wọ́n dá a lóhùn, ó kà á, ó jẹ́ mẹ́ta. Ta ló sì kọ́ ọ ní gíríìnì àti yẹ́lò? Èmi ni. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn mi ni mo ti ń nàka sí ọkọ̀, sí ìwé, sí aṣọ: yẹ́lò, búlúù. Bí ẹnikẹ́ni bá jí mi lóru pé kí ni yẹ́lò lédè wa, màá kọ́kọ́ dákẹ́ ná kí n tó rántí ìyeyè.

Ó dáa. Iṣẹ́ tí a ṣe. Ẹ kúkú ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Òwúrọ̀, ife mẹ́fà la tò yípo lórí tábìlì. Mo bu omi sí mẹ́ta, mo fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀ lófìfo, ọ̀kan olómi, ọ̀kan òfìfo, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi kan pupa, ọ̀kan ìyeyè, ọ̀kan búlúù. Kọ́lọ̀ oúnjẹ pupa ti tán láti ìgbà kéèkì Àdùkẹ́, zóbò tí mo sè lánàá la fi dípò. A ká tíṣù gbọọrọ, a fi ẹnu rẹ̀ kan sínú ife olómi, a fi ẹnu kejì sínú èyí tó ṣófo. Bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo ni tíṣù ṣe ń fa omi yẹn, ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà kejì. Ó tó wákàtí méjì kí ó tó dùn ún wò. Àdùkẹ́ ò ní sùúrù, ó ti ki ìka bọ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọ̀ ewé kọ́kọ́ yọ nínú ife tó wà láàárín ìyeyè àti búlúù, gbogbo wa ló pariwo. Àwọ̀ ọsàn yọ. Èyí tó wà láàárín zóbò àti búlúù di àwọ̀ kan báyìí...

"Elésè àlùkò," ni Màámi wí láti orí àga wọn.

Mo yíjú. Ẹ̀yin tó ń ka Bíbélì ẹ mọ̀ ọ́n, Lídíà tó ń ta elésè àlùkò. Ìgbà tí Dèjì na kíréyọ́nù rẹ̀ sí wọn, dúdú ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n rí i nínú omi, tí oòrùn fèrèsé gba inú rẹ̀ kọjá, orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Mo fẹ́ pe Dèjì pé ṣó o gbọ́? Ó ti sáré lọ mú fóònù láti yà á.

Mẹ́ta péré ló mọ̀. Obìnrin tí yóò dúró ní ìkòríta, tí yóò mọ̀ pé gèlè ẹnìkan ní òdìkejì kò bá ìró rẹ̀ mu! Tó lè sọ pupa fòò yàtọ̀ sí pupa rúsúrúsú, tó mọ ẹtù, tó mọ sányán, tó mọ àlàárì tí àwọ̀ rẹ̀ mú dáadáa yàtọ̀ sí èyí tó máa ṣí bó bá kan omi ẹ̀ẹ̀kan. Aláró ni ìyá tó bí wọn, ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Inú ewé ẹ̀lú tí wọ́n fi ń ṣe aró ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún mi pé aṣọ kì í jáde nínú ìkòkò aró pẹ̀lú àwọ̀ tí ó máa jẹ́. Bí ewé ló ń rí bó bá ti jáde. Wọ́n á nà án sí afẹ́fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí yí padà lójú ẹni, láti ewé sí aró, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún nà án, títí yóò fi dúdú bó ṣe yẹ. Ní ti wọn, ewé àti aró wà lójú ọ̀nà kan náà, dúdú sì ni ìparí ọ̀nà yẹn. Kí ni kí ẹni tó rí ìyẹn láti kékeré pe ewé?

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ara mi. Mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí wọ́n rán mi ní òwú dúdú. Mo ra dúdú. Mo délé, wọ́n ní irú dúdú wo nìyí, ṣé mi ò rí aṣọ tí wọ́n ń rán ni? Dúdú aró ni wọ́n ń wí. Mo padà sọ́jà nínú oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú omijé, mo sì búra nínú ara mi pé bí mo bá bímọ, orúkọ gbogbo kọ́lọ̀ ni màá kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ o. Ó yọrí sí rere.

Ọ̀sán, pánkéèkì ewé ugu. Fuláwà ife méjì, ẹyin méjì, mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí mẹ́rin, ṣúgà ṣíbí mẹ́ta, iyọ̀ fún-ín-fún-ín. Ugu ẹ̀kúnwọ́ méjì, mo já igi rẹ̀ kúrò, mo fi ife omi kan ààbọ̀ lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ, mo fi omi rẹ̀ po gbogbo rẹ̀. Bó bá ki jù, ẹ fi omi díẹ̀ kún un. Iná kékeré ni o, epo sì gbọ́dọ̀ kéré nínú páànù. Bí iná bá pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ewé wà níbẹ̀.

Á pọ́n. Ẹ wò mí. Pánkéèkì tó jó díẹ̀, ó pọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pé, ó pọ́n. Ata, ó pọ́n. Ojú ẹni tí inú ń bí, ó pọ́n. Kò sí èyí tó bá ekejì dọ́gba nínú wọn, n ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ ọ́.

Àdùkẹ́ jẹ mẹ́rin. Dèjì ní ó ń rùn ọbẹ̀, ó jẹ mẹ́fà.

Òṣùmàrè fúnra rẹ̀ kò le. Àwo bébà, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì, ẹ fa ìlà yípo, ẹ fi ọ̀dà omi kùn ún, kí ẹ fi òwú ẹ̀gbọ̀n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí àwọsánmà. Mo kọ orúkọ àwọ̀ sẹ́yìn rẹ̀: pupa, ọsàn, ìyeyè, ewé, ojú ọ̀run, aró, elésè àlùkò. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán ni mo rí i pé èso méjì wà níbẹ̀, ewé méjì, ẹyẹ kan. Bí ẹni ń ka ọgbà.

Àsíá Nàìjíríà náà wà nínú iṣẹ́ náà. Dèjì kùn ún, ewé, funfun, ewé, ó wá ya oòrùn pupa sí àárín funfun. Mo ti la ẹnu láti bá a wí, mo rántí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Taiwo Akinkunmi ṣe yà á nígbà tó fi ránṣẹ́ láti London ní 1959, akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà náà. Àwọn tó yan àsíá ló yọ oòrùn kúrò kí wọ́n tó ta á sókè ní 1960. Ìbàdàn ni bàbá náà wà títí tó fi kú ní 2023. Mo sọ fún Dèjì pé kó fi oòrùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí tíṣà bá fa ìlà sí i, kó ní ìyá òun ló ní kí òun fi sílẹ̀.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn sì ń ràn. A sáré jáde, a kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, a kọjú sí òjò bó ṣe yẹ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun yẹn dí gbogbo ojú ọ̀run. A ò rí nǹkan kan. Aṣọ mi ló tutù.

Ewédú wá kù. Màámi kọ̀ kí n fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ o, ìjábẹ̀ ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì ju kaun díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ fi ọmọrí dé ìkòkò, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. "Àbẹ̀kẹ́, má dé e o, kó lè dúdú dáadáa." Dèjì wò mí, ó di ẹ̀rín mọ́nú. Mo wò ó títí tó fi gbójú sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣan ọwọ́ wọn tí kaun ti lẹ̀ mọ́ ni omi náà ti ta sínú ife zóbò tó ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ síǹkì, èyí tí Àdùkẹ́ ti bu omi là. Mo rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìlà kan ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, bí èéfín, pupa náà sì ń sá fún un. Kí n tó sọ pé kí lèyí, ìdajì ife ti yí padà. Dèjì gun àga. "Ẹ tún fi sí i, Màmá! Ẹ tún fi sí i!" Màámi mú èérún kaun kan, wọ́n ju ú sí i, wọ́n fi ìka rò ó. Gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ ewé, ewé tó ṣú, bí ewédú gan-an.

"Gíríìnì!" ni Dèjì wí.

"Ó ti dúdú," ni Màámi wí.

Ó gbé ife náà sókè sí gílóòbù, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Iná fẹ́ lọ, ó ń ṣẹ́jú. "Ó... ó dúdú díẹ̀," ni ó wí, ó sì wo Màámi bí ẹni tí wọ́n mú níbi tó ti ń jí ẹran. Màámi ò wò ó. Wọ́n ti ń wá ṣíbí tí wọ́n máa fi tọ́ ewédú wò.

Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí ro bí wọn ò ṣe wò ó. Ṣé wọ́n gbọ́ ti àárọ̀ ni? Ká ní wọ́n gbọ́ ni, wọn ì bá ti sọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó ń gbé nǹkan mì. Àbí bí wọ́n ṣe ń dàgbà, wọ́n ti ń gbé e mì. Lálẹ́ yìí, wọ́n bi mí bóyá ọkọ̀ Abẹ́òkúta ti ń yá lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Wọ́n ti ní Fúráìdé ni àwọn ń lọ tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́. Ó lè jẹ́...

Mo ní kí wọ́n dúró wo ayẹyẹ ọmọ. Wọ́n ní àwọn máa rí i.

Mo dìde lọ mu omi nísinsìnyí, mo sì rí ife zóbò yẹn lórí fèrèsé. Dèjì ló gbé e síbẹ̀, ó ní òun máa mú un lọ sílé ìwé. Kì í ṣe ewé mọ́. Kò sì padà di pupa. Mo gbé e sún mọ́ iná fóònù, mo wò ó títí, n ò rí orúkọ kankan pè é lédè kankan nínú méjèèjì. Màámi ń hanrun ní yàrá kejì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá gbé e tọ̀ wọ́n lọ.