Ọjọ́ tí mo ti ara mi mọ́ta

Ooru tòní kọjá bẹ́ẹ̀. Mo dé ibi iṣẹ́ ní Ìbarà kí aago mẹ́jọ tó lù, mo ti pinnu pé ọ̀rọ̀ password yìí gbọ́dọ̀ tán lónìí.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni gbogbo wa fi ń lo password kan ṣoṣo láti wọ switch àti router wa, àwọn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri ibi iṣẹ́. "Admin" lorúkọ. Ó dà bíi kọ́kọ́rọ́ agbo ilé tí wọ́n fi há abẹ́ òrùlé: ẹni tó bá ti mọ ibẹ̀ ti di onílé. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ, íntánẹ́ẹ̀tì lọ títí di ọ̀sán. A wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, "admin" ló ṣe é. Ta ni admin? Gbogbo wa ni.

Mo bá gbé TACACS+ kalẹ̀, ètò tó ń yẹ ẹni tó fẹ́ wọ ẹ̀rọ wò, kí oníkálukú ní orúkọ àti password tirẹ̀ lórí sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú wọn, kí switch máa bi sáfà kó tó ṣílẹ̀kùn. RADIUS, ètò mìíràn bíi rẹ̀, náà lè ṣe é, àmọ́ password nìkan ló ń bò lójú ọ̀nà. TACACS+ a máa bo gbogbo ohun tó gbé, ó sì lè kọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí èèyàn tẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Telnet, ọ̀nà ìwọlé tí kì í bo ohunkóhun, ni mo ti kọ́kọ́ pa; SSH, èyí tó ń bo ọ̀rọ̀, ló kù. (Telnet! Bí ẹni ń pariwo password láàárín ọjà Láfẹ́nwá ni.)

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo gbàgbé: "local", ní ìparí ìlà àṣẹ tí mo tẹ̀ sínú switch, "aaa authentication login default group tacacs+". Òun ló ń sọ fún switch pé bí sáfà kò bá dáhùn, kó lo orúkọ tó wà lára òun fúnra rẹ̀. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, iná lọ. Switch wà lórí inverter. Sáfà wà lórí UPS tí bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá ní kí n ṣí port kan, ihò tí wáyà ń wọ̀ lára switch, fún kọ̀ǹpútà tuntun. Mo tẹ orúkọ mi, ó kọ̀. Mo tẹ admin, ó kọ̀. Mo mú wáyà console aláwọ̀ búlúù, èyí tó ń wọ ara switch tààrà láìgba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn àpótí irin, atẹ́gùn gbígbóná ẹ̀rọ ń fẹ́ sí mi lójú. Ó kọ̀ níbẹ̀ náà. "Default" ni mo kọ, gbogbo ọ̀nà ìwọlé ló sì kàn. Kò yọ console sílẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti parí ẹ̀?" Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni. Mi ò dá a lóhùn.

Àfi bí mo ṣe rántí pé mi ò tíì tẹ "write memory", àṣẹ tó ń mú kí switch rántí ohun tí a kọ bí wọ́n bá pa á tàn. Mo fa wáyà iná switch yọ, mo kà dé ogún, mo sì fi í bọ̀ ọ́ padà. Ó gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ láàárọ̀. Ìgbàgbé kan ló yọ mí nínú ìkejì.

Mo tún un ṣe, "local" wà ńbẹ̀ báyìí. Mo kọ password ọjọ́ ìṣòro sínú ìwé, mo fi sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo gbé e fún màmá tó ń ṣe ìṣirò owó wa kí wọ́n bá mi tì í mọ́ séèfù. Wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ṣé owó ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá fẹ́ wá ṣe nínú séèfù mi?"